Ìdajì Ọ̀nà Láti Àbíjàn

Nígbà tí bàbá mi pè mí sí yàrá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Èjìgbò, tí ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, tí ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó la ẹnu, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ń bẹ nílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tí gbogbo agbo ilé wa ń pè ní Ìyá Àbíjàn, tí ó ti wà ní ilẹ̀ Kòt Dífúà kí èmi tó dáyé. Bàbá mi ní ọdún kẹsàn-án rèé tí ojú òun ti rí i kẹ́yìn. Ó ń fi owó ránṣẹ́, ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ohùn kì í ṣe ojú, owó kò sì lè sọ bí ara ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ti rí. "Ẹsẹ̀ mi kò gbé ìrìn náà mọ́," báyìí ni ó wí, "lọ bá mi wò ó. Kí o wò ó dáadáa. Bí o bá sì dé, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o wá sọ fún mi, má ṣe sọ ohun tí ó ní kí o sọ."

Ẹni tí kò bá mọ ìlú wa lè rò pé ìrìn-àjò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n rán mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lójú òfin. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ Èjìgbò, ìlú Ògìyán, òrìṣà funfun tí kì í fi iyán ṣeré, Àbíjàn dà bí àdúgbò kan tí ó kàn jìnnà díẹ̀ sí ọjà. Bọ́ọ̀sì ń gbéra ní ìlú wa tí yóò lọ sí Àbíjàn tààrà. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò wa. Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí lọ́hùn-ún tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé sì ń fi èdè Faransé bú ara wọn ní ojú pópó, tí àwọn ìyá àgbà ń bá wọn wí ní Yorùbá. Agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní Àbíjàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó ṣa iṣu mẹ́fà láti inú àká, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí wọn bí ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́. Àwọn ìyàwó ilé di èlùbọ́, wọ́n di ìrú, wọ́n di ẹ̀gúsí, ẹrù àlejò sì wá ju ẹrù oníṣòwò lọ. Ọ̀nà láti Èkó dé Àbíjàn lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà, orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó sì là kọjá, ẹnubodè mẹ́rin: Sèmè, Hillacondji, Aflao àti Elubo. Faransé ni wọ́n ń sọ ní Kútọnù àti ní Lómè, Gẹ̀ẹ́sì ni ní Àkrà, kí Faransé tó tún gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn odò Tano; bẹ́ẹ̀ ni sídì dé, tí sẹ́fà tún padà. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 1979 pé ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kí wọ́n sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ìwé ìrìnnà mi sì pé, ṣùgbọ́n ní ẹnubodè kan tí èmi kì yóò dárúkọ, òṣìṣẹ́ kan mú irin ṣóńṣó, ó fi gún àpò èlùbọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹ̀fun náà sì ń tú sílẹ̀ sórí erùpẹ̀ títí mo fi fún un ní owó tí kò tọ́ sí i. Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe nítorí owó; ojú àwọn obìnrin tí wọ́n gún èlùbọ́ náà, tí wọ́n sì kù ú, ni mo ń rí lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Mo fi gèlè ọmọbìnrin kan tí a jọ wọkọ̀ dí ojú ihò náà, ọmọbìnrin náà kò sì gbà kí n san owó gèlè fún un. Ó ní òun náà ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ni.

Grand-Bassam ni a kọjá kí a tó dé, ìlú etí òkun tí ó jẹ́ olú ìlú àkọ́kọ́ fún àwọn Faransé ní ilẹ̀ náà, kí àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1899 tí wọ́n fi kó ìjọba kúrò. Yẹ́lò káàdì tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa ní gbogbo ẹnubodè, nítorí ibà yìí kan náà ni.

Treichville ni Ìyá Àbíjàn ń gbé, àdúgbò tí wọ́n fi orúkọ Treich-Laplène, òyìnbó Faransé kan, sọ, tí wọ́n sì la àwọn òpópónà rẹ̀ gbọọrọ bí ebè, tí wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà dípò orúkọ. Ó ti dúró sí ẹnu géètì kí takisí wa tó dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, Àkànní, ọmọ Èjìgbò, ọmọ onílé iyán, ọmọ ẹni tí kì í fi ebi lọ àlejò, ó kì mí dé orí bàbá bàbá mi, ohùn rẹ̀ ń ga sí i, títí àwọn ará àgbàlá fi yọjú láti ojú fèrèsé, àwọn ọmọ Baoulé, àwọn Júlà, àwọn Mossi, ìdílé méje tí ń pọn omi ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Wọn kò gbọ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò mọ̀ pé ẹnìkan ti ilé wá bá a.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yà mí lẹ́nu. Ní ilé wa, kí àlejò tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọ ìloro ni a ti béèrè ìyá, a ti béèrè bàbá, a ti béèrè ọmọ àti òjò àti oko, tí àlejò yóò máa dáhùn bí ó ti ń wá ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyá Àbíjàn kò béèrè nǹkan kan. Ó fi mí jókòó, ó gbé omi tútù wá nínú gíláàsì tí ó dúró lórí àwo pẹlẹbẹ, ó jókòó níwájú mi, ó sì ń wò mí bí mo ti ń mu ún títí ó fi tán. Nígbà náà ni ó ká ọwọ́ lé itan, tí ó wá sọ pé, "Ó dáa. Ìròyìn?" Mo fẹ́ máa rojọ́ iṣu àti ẹnubodè, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ sọ pé ìròyìn ayọ̀ ni, pé kò sí aburú, kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Àṣà àwọn onílẹ̀ ni. Omi ni àkọ́kọ́, kí ọ̀fun àlejò tutù, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó tọrọ ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fi í lélẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Àbíjàn ti gba àṣà náà wọ ara débi pé kò mọ̀ mọ́ pé òun kò gbé e wá láti ilé. Èmi sì fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ẹni tí ó ti rin ọjọ́ méjì, ó yẹ kí ó mu omi kí ó tó rojọ́.

Ọkọ rẹ̀, tí Ọlọ́run ti pè, ni ó mú un wá sí ibẹ̀. Kúmásì ni ọkùnrin náà ń gbé ní ilẹ̀ Gáńà, tí ó ń ránṣọ, nígbà tí ìjọba Kofi Busia kéde ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìnísà, ará ilé wa pẹ̀lú, tí òmíràn nínú wọn kò mọ ilé mìíràn ju Gáńà lọ, fi ilé àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì di ẹrù. Ọ̀pọ̀ wọn darí sílé. Ọkọ Ìyá Àbíjàn ní ojú ń ti òun láti padà lọ́wọ́ òfo, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí, ó sì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ Èjìgbò kan ní Treichville ni ó gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó tọrọ, ó sì lo ọdún méjì ó lé ní orí ẹní ọkùnrin náà, kò sì sí ọjọ́ kan tí onílé bi í léèrè ìgbà tí yóò lọ. Ìtàn yìí ni Ìyá Àbíjàn kọ́kọ́ sọ fún mi ní alẹ́ tí mo dé, kí ó tó gbé ìrẹsì síwájú mi, mo sì rò nígbà náà pé ìtàn ọkọ rẹ̀ ni ó ń sọ.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni ilé náà, pẹ̀lú ìsọ̀ kékeré kan níwájú, níbi tí ó ti ń ta ọṣẹ àti ìpara àti aṣọ. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà nínú yàrá, onígi pupa, tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun tuntun sí, fáànù kan sì kọjú sí i. Orí rẹ̀ ni ó ní kí n sùn. Mo kọ̀, ó ní òun ń sùn lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní òpópónà kejì, pé ó ti pẹ́ tí òun kò ti fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dì náà, ó rọ̀ jù fún ẹ̀yìn òun. Mo gbà á gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, òùngbẹ gbẹ mí, mo dìde láti bu omi, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀. Mo ṣí i. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti bàbá mi, àgbà obìnrin ni, orí rẹ̀ ti funfun. Ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní láàárín páálí ọṣẹ méjì, ó fi ìró bo ẹsẹ̀, ó fi aṣọ títà kan ṣe ìrọ̀rí. N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ó dìde jókòó, ó na ọwọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bò mí lẹ́nu, mo sì ń gbọ́ òórùn ọṣẹ ní ọwọ́ rẹ̀. "Àkànní," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Èjìgbò, ìwọ kò wá sọ́dọ̀ mi rí."

Àwọn àgbà wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Mo ti gbọ́ òwe náà láti kékeré bí ìkìlọ̀ fún aláṣehàn, ṣùgbọ́n láti òru ọjọ́ náà n kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Fáànù yẹn, mo wá mọ̀ pé ti aládùúgbò ni. Owó tí ó fi ń bọ́ mi, àjọ tí ìbá kó ní ìparí ọdún ni ó bẹ olórí àjọ pé kí ó jẹ́ kí òun kó ṣáájú. Àwọn kan wà nílé tí wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀tàn ni irú èyí, pé kí ẹni tí ń bẹ lájò jẹ́ kí ará ilé rí bí nǹkan ti rí gan-an. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé ní ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó ń yá ilé gbé, tí ó ń yá omi mu, tí ó ń yá èdè sọ, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá dé ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun náà di onílé. Ta ni yóò wá sọ fún un ní ọjọ́ náà pé kí ó má lo oyè rẹ̀?

Ní ọjọ́ Sátidé ni a gún iyán. Ó mú iṣu kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gbé e lé itan bí ọmọ tuntun, ó fi èékánná họ erùpẹ̀ gbígbẹ ara rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì di ojú. Kò da erùpẹ̀ náà sí kòtò. Ó rìn lọ sí ìdí ògiri, níbi tí ó gbin efinrin sí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fífọ́, ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀ sí ìdí efinrin náà. Lẹ́yìn náà ni ó tó bẹ iṣu, tí ó gbé e kaná. Obìnrin Baoulé tí ilé wọn kọjú sí ara, tí ó mọ fùtú gígún láti kékeré, mú ọmọ odó kejì láìjẹ́ pé ẹnìkan pè é, àwọn méjèèjì sì ń gún un ní àgúnpadà, kò sí èyí tí ó gbọ́ èdè èkejì tán, ọmọ odó wọn kò sì kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí iyán jinná, tí ó funfun tí ó sì fà, mo rò pé oúnjẹ dé. Kò tíì dé. Àwo mẹ́fà ni ó kọ́kọ́ bù fún ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó bu ẹ̀gúsí lé e, ó ń rán àwọn ọmọ, ó sì kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ: pé àbúrò ìyá àgbà ti ìlú rẹ̀ wá, òun ni ó gbé e wá. Mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, mo ti di àbúrò yín báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní ilẹ̀ yìí ẹni tí ó bá ti ilé wá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ni, èdè Faransé kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ìyókù.

Ó mú mi rí ìlú náà. A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Treichville kọjá ọ̀sà sí Plateau, níbi tí àwọn ilé gíga ti ń wo ara wọn nínú omi, ó sì fi àwọn ọkọ̀ òkun ńlá hàn mí, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Vridi wọlé, ọ̀nà omi tí wọ́n là ní ọdún 1950 tí ó sọ Àbíjàn di èbúté. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Paul, tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní ọdún 1985, tí ògiri rẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tí ń fa àwọ̀n. Mùsùlùmí ni Ìyá Àbíjàn, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo àwòrán ara gíláàsì ibẹ̀, ó ń ṣàlàyé wọn fún mi, nítorí pé gbogbo àlejò tí ó ti wá bá a ni ó ti mú dé ibẹ̀. Mo bi í léèrè bí ó bá máa ń wá ní òun nìkan. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà rí. "Láti ṣe kí ni?" ó ní. "Ọjà ni mo mọ̀, àti ilé. Àwọn àlejò ni wọ́n ń fi ìlú yìí hàn mí."

Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn jẹ mí lógún jù. "Tọ́ńtọ́n" ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọn a sì dáhùn ní Faransé. Bí ìyá wọn bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ ń kọjá lára ara wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ Faransé, n kò sì lè ṣe bí ẹni tí ó gbọ́, nítorí náà tipátipá ni wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá mi sọ, tí wọn yóò sáré lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà, tí wọn yóò sáré padà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọmọbìnrin kékeré tí ó kéré jù kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ sùn dáadáa?" láìsí ẹni tí ó tì í láti ẹ̀yìn. Mo rí ojú Ìyá Àbíjàn. Bí n kò bá gbé iṣu kan lọ, tí n kò gbé èlùbọ́ kan lọ, ìyẹn nìkan tó ẹrù fún ẹ̀bùn. Ó yẹ kí ará ilé mọ èyí, àwa tí a máa ń rò pé àwọn tí ń bẹ lájò ni wọ́n ń fún wa ní nǹkan.

Nígbà tí mo ní mo fẹ́ máa lọ, ó ní òfin fún mi ní 90 ọjọ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lo méjìlá péré, kí ni mo ń fi ìyókù ṣe? Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin tí ó ti kọ́ mí ní ti ìròyìn ni ó tún kọ́ mi pé kí n má sọ pé mo ń lọ mọ́, kí n tọrọ ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo wá tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ yín." Ó dákẹ́. Ó mú gíláàsì omi wá, èyí tí ó kọ́kọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, ó ní kí n mu ún. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Mo gbọ́. Ìdajì ọ̀nà ni mo fún ọ. Ìdajì tó kù, ọwọ́ mi ló wà. Ọjọ́ tí o bá padà wá ni o óò gbà á."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ń ṣe, wọn kì í fún àlejò ní gbogbo ọ̀nà, nítorí ẹni tí ó bá gba gbogbo rẹ̀ kò ní ohun tí yóò mú un padà. Ó sìn mí dé ibùdókọ̀ nínú òkùnkùn, ó di átíékè àti aṣọ mẹ́rin fún bàbá mi, ó di ìpara fún gbogbo ìyàwó ilé, ó sì tún gèlè ọmọbìnrin ẹnubodè yẹn fọ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ní bóyá n óò pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Bàbá mi kò sùn ní alẹ́ tí mo wọ Èjìgbò. Ó gbà mí láyè kí n wẹ̀, kí n jẹun, ó sì tún pè mí sí yàrá, ó tún ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un nípa ọ̀sà àti ọkọ̀ ojú omi, nípa iṣu rẹ̀ tí ilé méje jẹ yó, nípa ọmọ kékeré tí ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń mi orí. Ó fi ọwọ́ pa aṣọ tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́, ó nà á wò lójú fìtílà, ó ká a padà.

"Ó dáa," ó ní. "Ibùsùn rẹ̀ ńkọ́? Orí kí ni àbúrò mi ń sùn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀dì ńlá ni, Bàbá, onígi pupa, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i. Èmi gan-an sùn lórí rẹ̀."